Ọ̀nà Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ilé

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ìpínlẹ̀ Georgia tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ojú mi ti rí i pé ọ̀nà là ń wò kí a tó ra ilé.

Àbúrò mi kan ló fà á tí mo fi jókòó kọ èyí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé fúláàtì ní Smyrna. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, inú rẹ̀ dùn débi pé kò kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀. "Àǹtí mi, a ti rílé o! Yàrá márùn-ún, gáréèjì ọkọ̀ méjì, ẹ̀yìnkùlé tó gba àríyá. Loganville ló wà." Mo ní ẹ kú oríire. Mo wá bi í níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ọsibítù kan lápá Marietta ni. Mo ní aago mélòó ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn? Ó ní aago méje òwúrọ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má tíì buwọ́ lùwé."

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Loganville yìí kan náà la kó lọ nígbà tí a kúrò ní fúláàtì wa ní Stone Mountain. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wo ilé náà, ọkọ mi dúró láàárín kíṣìnnì, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò kan ògiri. Ìyẹn ti tó wa. Iṣẹ́ tèmi wà lápá Austell, nǹkan bí 50 máìlì sílé. Mo ní láti gba I-285 kọjá, òpópónà tó yí Atlanta po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tó gùn tó 64 máìlì, tí ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ kéékèèké ń fún ara wọn mọ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde, àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Tí mo bá fi máa wọlé lálẹ́, wọ́n á ti tún sùn. Ọmọ mi kejì, tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà náà, máa ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sórí ìrọ̀rí mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí i?" Lórí ìdúró ni mo kà á, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọdún méjì la gbé ilé yẹn kí a tó tà á.

Loganville kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Snellville tàbí Lawrenceville lè gbé ibẹ̀ kó sì máa dúpẹ́. A kì í wo aago aláago ṣiṣẹ́. Ìlú tí èmi ń pè ní ìlú dáadáa ni èyí tí iṣẹ́ ẹni, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹni, ọsibítù àti àwọn ènìyàn ẹni kò ti jìnnà síra. Kíṣìnnì ńlá àti òdòdó ẹnu ọ̀nà lè tò sẹ́yìn.

Wọ́n máa ń ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Georgia, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà, òun náà ni ọkọ̀ tí ẹ fúnra yín wà. Reluwé MARTA, ètò ọkọ̀ èrò Atlanta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1979. Kàúńtì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀) Fulton àti DeKalb ló wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Clayton sì dìbò láti wọ̀ ọ́ ní 2014. Gwinnett, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí gan-an, dìbò kọ̀ ọ́ ní 1971, ó kọ̀ ọ́ ní 1990, ó tún kọ̀ ọ́ ní 2019. Ìbò tí wọ́n dì yìí kan ìyá yín tó bá wá láti Ìbàdàn láti wá wẹ ọmọ-ọmọ. Bí ilé yín bá wà nítòsí ibùdó Indian Creek ní DeKalb, Màmá lè wọ reluwé dé pápákọ̀ òfuurufú láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ inú ẹ̀ṣítéètì kan lẹ́yìn Loganville ni, ojú fèrèsé ni yóò máa wò títí ẹ ó fi dé. Mo ti rí ìyá àgbà tó sunkún nítorí èyí, tó ní kí wọ́n dá òun padà sílé.

Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣe àsọdùn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, kó bi àwọn tó wà ní Atlanta lọ́jọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014. Òjò dídì tí kò ju nǹkan bí ínǹṣì 2 lọ ló rọ̀, ó sì dì gbagidi sójú títì. Ọ̀pọ̀ sun inú ọkọ̀ mọ́jú lórí òpópónà, àwọn ọmọ sì sun ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju máìlì mẹ́ta sílé fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ohun tó tún máa ń gba owó lọ́wọ́ àwa àlejò ni orúkọ ìlú tó wà lórí lẹ́tà. Kàúńtì 159 ló wà ní Georgia, Texas nìkan ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kàúńtì ló ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan ń darí tiwọn: Decatur wà níbẹ̀, Marietta wà níbẹ̀, Buford náà wà níbẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò sì tẹ̀lé ààlà ìlú. Lẹ́tà lè máa wá sí ilé yín pẹ̀lú orúkọ Decatur, kí ilé náà má sí nínú ìlú Decatur rárá, kí ọmọ yín sì máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kàúńtì DeKalb. Loganville tí mo sọ yìí, apá kan rẹ̀ wà ní Gwinnett, apá kan wà ní Walton. Àdírẹ́ẹ̀sì méjì lè jọ jẹ́ Loganville, kí ọmọ inú ilé kan àti ọmọ inú ilé kejì má wọ bọ́ọ̀sì kan náà, kí owó orí ilé wọn má sì dọ́gba.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé ẹ̀kọ́ kàúńtì. Ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ti jáde. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń rà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì gbọ́, ẹ má sì gba ti ìwé ìpolówó gbọ́. Ẹ pe ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fúnra yín, ẹ sọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì, wọn á sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama tí ilé náà wà fún. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ní 2008, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kàúńtì Clayton pàdánù ìwé ẹ̀rí ìfọwọ́sí wọn nítorí ìwàkiwà tó wà láàárín ìgbìmọ̀ náà. Olùkọ́ dáadáa wà níbẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ òbí kó ọmọ wọn kúrò. Ọdún kejì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìwé ẹ̀rí náà padà. Ní ti owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ HOPE tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ ní yunifásítì láti 1993, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ìlú yòówù kí ẹ gbé ní Georgia, bí máàkì ọmọ bá pé, ó lè tọ́ sí i.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó tí ẹ óò máa san fún báńkì lóṣooṣù ni ẹ̀fà, owó orí ilé àti àwọn owó mìíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Georgia, orí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé ni wọ́n ń ṣírò owó orí lé, kàúńtì á bu tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ á bu tirẹ̀, ìlú náà á bu tirẹ̀ bí ilé bá wà láàárín ìlú. Bí ẹ bá ti ní ilé náà, tí ẹ sì ń gbé inú rẹ̀, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní, ẹ lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní kàúńtì kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin tó kọjá, kí wọ́n lè bá yín dín owó orí náà kù. Mo mọ àwọn ènìyàn wa tó gbé ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkọ orúkọ, owó yẹn kò sì padà mọ́. Ẹ bèèrè iye tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, HOA, ń gbà, kí ẹ sì ka òfin wọn. Ẹ bèèrè bóyá ilé náà ń lo sóókàwéè tàbí páìpù ìjọba.

Atlanta nìkan kọ́ ni Georgia. Augusta ní ọsibítù tó pọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1828, nọ́ọ̀sì kì í wáṣẹ́ tì níbẹ̀. Èbúté wà ní Savannah, Hyundai sì ti ń ṣe mọ́tò ní Ellabell lẹ́bàá ibẹ̀ láti 2024. Bárékè ọmọ ogun òfuurufú ló gbé Warner Robins ró. Ilé sábà máa ń dínwó ní Augusta àti Warner Robins ju ẹ̀gbẹ́ Atlanta lọ. Ṣùgbọ́n ìjì líle Helene ya wọ Valdosta àti Augusta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, igi wó lu ilé, iná sì lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí Savannah kó mọ̀ pé ìbánigbófò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni ti omi, ọgbọ̀n ọjọ́ ló sì sábà máa ń gbà kó tó múlẹ̀. Ní àwọn kàúńtì ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ni kò ní ọsibítù tó ń gbẹ̀bí mọ́. Obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé yàrá ìgbẹ̀bí, kó wọ̀n ọ́n lóru.

Ènìyàn laṣọ mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbé níbi tí èlùbọ́ ti wà nítòsí, tí ọmọ yín á ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí Yorùbá nìkan yan àdúgbò yóò pàdánù. Nígbà tí a ń wo ilé wa kejì, ní Lilburn, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan tó ń bomi rin òdòdó lódìkejì títì pè wá. Ó fi ọwọ́ han ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ní bí odò kékeré ẹ̀yìn ibẹ̀ bá kún, ó máa ń wọ ilé mẹ́ta tó kángun sí i. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn gan-an la wá wò. Ilé tó wà lókè la padà rà. Ìsúnmọ́ni là ń mọ̀ṣe ẹni, ìlú náà bẹ́ẹ̀ ni: ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ lọ lóru, ẹ lọ nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ sì bá ẹni tó ń bomi rin òdòdó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ní kí àbúrò mi ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwa mẹ́ta dúró síwájú ilé oníyàrá márùn-ún yẹn ní Loganville. Ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lóòótọ́. A gbéra. Nígbà tí aago méje lù, orí I-285 la wà, iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú wa. Ìyàwó àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú la tó rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹ́jẹ́ǹtì kan fi ilé mìíràn hàn wá. Yàrá mẹ́ta ni, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá sí ibi iṣẹ́, Marietta ló wà lórí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Àbúrò mi ti ń ka fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Ó yíjú sí ẹ́jẹ́ǹtì, ó ní, "Ilé ẹ̀kọ́ tó ni àdúgbò yìí, ṣé ti kàúńtì ni, àbí ti ìlú Marietta?" Ẹ́jẹ́ǹtì náà ní òun kò mọ̀. Obìnrin náà gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yọ fóònù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.