Kí O Tó Dé Johannesburg

Kensington, Johannesburg,
Oṣù Kẹwàá.

Àkànní, ọkọ mi,

Bàbá rẹ fi èsì ìdánwò rẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti fi han gbogbo ẹni tó bèèrè, mo sì ti fi han ọ̀pọ̀ tí kò bèèrè. O kú oríire.

Ìbéèrè tí o kọ tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ dáhùn. O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Bódìjà sọ pé ọmọ tó bá mọ rugby ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbé gẹ̀gẹ̀ ní South Africa, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí o ti máa sáré láràárọ̀ kí Oṣù Kìíní tó dé. Máa sáré. Ìlú yìí ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 1,750 mítà, o óò kọ́kọ́ máa mí hẹlẹ bí o bá gun àtẹ̀gùn lásán. Ṣùgbọ́n gbọ́ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ níbí, kí o lè mọ ibi tí rugby já mọ́ nǹkan àti ibi tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Oṣù Kìíní ni ọdún ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí ní Oṣù Kejìlá, sáà mẹ́rin. Grade 10 ni wọn yóò fi ọ́ sí, ọdún mẹ́ta péré ló sì wà láàárín ìwọ àti matric, ìdánwò ìparí Grade 12. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ á péjọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ á ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀: ẹgbẹ́ tó borí, ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú àríyànjiyàn, ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ tó gba ipò kìíní. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, orí pèpéle ló ń gbà lọ, àtẹ́wọ́ á sì bo gbọ̀ngàn. Ọmọ tó bá ṣe dáadáa títí nínú eré ìdárayá, orin tàbí ìwé, wọ́n á fún un ní colours: wọ́n á rán ọ̀já àrà ọ̀tọ̀ mọ́ etí blazer rẹ̀, gbogbo ayé á sì máa rí i bó bá ń kọjá. Láti Túsìdè dé Tọ́sìdè, ìdánrawò ni lọ́sàn-án. Ní Fúráìdè, àwọn tó ṣẹ̀ á jókòó sẹ́yìn nígbà tí ẹlẹgbẹ́ wọn ti lọ sílé. Sátidé wá ni ọjọ́ gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á gbàlejò òmíràn, àwọn òbí á gbé àga àti kúlà wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ọmọ tí kò sí nínú eré á máa ké igbe ilé-ẹ̀kọ́ wọn títí ohùn á fi há. Àdúgbò wa yìí ni Jeppe High School for Boys wà, láti 1890 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. King Edward VII School, ti 1902, kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Bryan Habana ti kàwé, ọ̀kan nínú àwọn tó gba Ife Àgbáyé rugby fún South Africa ní 2007. Bí irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá pàdé, o kò ní ríbi gbé ọkọ̀ sí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí o mọ̀ wà o, pàápàá ní Soweto, ṣùgbọ́n ní apá ìlú tí a wà yìí, rugby ni ọba wọn.

Mo fẹ́ràn àwọn Sátidé yẹn. Ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n rẹ gba ọ̀já nínú hockey, mo sì pariwo dé ibi tí ojú fi tì í. Blazer náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Láti ìgbà tó ti ń wáṣẹ́, kò tíì sí ẹnì kan tó bèèrè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà lórí pèpéle. Ìwọ náà yóò kọ ọ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méje ni ọmọ Grade 10 ń yàn: èdè méjì, Life Orientation, mẹ́ta tó bá wù ọ́, àti ìṣirò. Ibi ìṣirò yìí ni mo ti fẹ́ kí o la ojú rẹ. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, Mathematics àti Mathematical Literacy, tí àwọn ọmọ ń pè ní maths lit. Maths lit ń kọ́ni ní ìṣirò owó ilé, owó orí, èlé báńkì àti bí a ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀. Kò burú fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e dé Wits, yunifásítì ìlú yìí, wọn kò ní fi ọ́ sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọn kò sì ní fi ọ́ sí ìṣègùn. Láti Mathematics bọ́ sí maths lit kò ṣòro rárá. Láti maths lit padà sí Mathematics, mo ti rí àwọn òbí tó bẹ̀bẹ̀ títí, tí kò bọ́ sí i.

Olùkọ́ kan lè gbọ́ bí o ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kó ní kí o gba èyí tó rọrùn kí máàkì rẹ lè dára. Ó lè má ní ibi lọ́kàn. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ń ṣọ́ máàkì tiwọn ni. Ní Oṣù Kìíní ọdọọdún ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ń kéde èsì matric, àwọn oníròyìn á sì máa gbé ilé-ẹ̀kọ́ kan ga ju èkejì lọ. Nínú àwọn tó ṣe ìdánwò ní 2024, 87.3% ló yege. Iye yẹn kò ka àwọn tó ti já sí ọ̀nà kí wọ́n tó dé Grade 12, kò sì sọ ohun tí ẹni tó yege lè fi èsì rẹ̀ ṣe. Kí èsì tó lè gbé ọ dé ibi digirì, 50% nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni òfin bèèrè, Life Orientation kò sí lára wọn. Yunifásítì gidi ń bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ inú ọdún ń kó 25% ní Grade 12, ìdánwò ìparí ń kó 75%.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tì ọ́ sí ìṣirò. Ní 1953, Hendrik Verwoerd, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, bèèrè nílé aṣòfin pé kí ni ọmọ dúdú fẹ́ fi ìṣirò ṣe nígbà tí kò ní ríbi lò ó. Ọdún náà ni òfin Bantu Education jáde, tó kó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú sábẹ́ ìjọba. Ní Rosettenville, ní gúúsù ìlú yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nígbà náà tí àwọn àlùfáà Áńgílíkà ń bójú tó, St Peter's. Oliver Tambo kàwé níbẹ̀, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, kó tó di lọ́yà, kó tó di olórí ANC. Nígbà tí òfin Verwoerd dé, àwọn àlùfáà kò fi ilé-ẹ̀kọ́ náà lé ìjọba lọ́wọ́. Wọ́n tì í ní 1956. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ tó ní kí o mú èyí tó rọrùn, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì kọ Mathematics.

Ọmọ St Peter's náà ni Es'kia Mphahlele, òǹkọ̀wé. Ó di olùkọ́ ní Orlando High ní Soweto. Ní 1952 wọ́n lé òun àti Zephania Mothopeng àti Isaac Matlare kúrò nítorí pé wọ́n tako ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń gbé bọ̀. Wọn kò jẹ́ kó kọ́ni mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ ibi tó gbà lọ ní 1957? Èkó ni. CMS Grammar School ló gbà á síṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí T. B. Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Láti Èkó ó dé Ìbàdàn, ó kọ́ni ní yunifásítì, ó sì wà lára àwọn tó dá Mbari Club, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà, sílẹ̀ ní 1961. Ní 1977 ló padà sílé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Wits. Ìwọ ń bọ̀ láti ibi tí a ti gbà á lálejò. Mo fẹ́ kí o gbé ìyẹn sọ́kàn bí o bá ń wọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Èdè wá ńkọ́? Òfin ìdánwò fàyè gba ọmọ tó ti òkèèrè wá láìpẹ́ láti fi ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò èdè kejì, a ó sì bèèrè fún un, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń kọ isiZulu tàbí Afrikaans láti kékeré. Ìyẹn kò ní kí o má kọ́ isiZulu. Kọ́ ọ, láìsí máàkì, láìsí àtẹ́wọ́. Kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ jọ ń jẹ magwinya nígbà ìsinmi. Ìyẹn ni puff-puff tiwọn, ó kàn tóbi jù tiwa lọ ni. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà nínú èdè wọn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ibi tí ahọ́n ti ń ta “kọ́” ló máa fún ọ níṣẹ́. Bí o bá fẹ́ kí àgbàlagbà, “Sanibonani” ni kí o sọ, kì í ṣe “Sawubona”. Màmá tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà àgbàlagbà ni. Mo gbọ́ bí àwọn ọmọ kan ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ní fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ.

Mo mọ̀ pé wọn yóò pè ọ́ ní kwerekwere, èébú tí wọ́n fi ń pe àlejò, lọ́jọ́ kan. A wà níbí ní 2008, nígbà tí wọ́n kọlu àwọn àlejò, tí ènìyàn tó lé ní ọgọ́ta sì kú. A wà níbí ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, nígbà tí wọ́n tún kọlu àlejò, tí ilé-iṣẹ́ bàálù Air Peace sì wá kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kò lọ. Bí wọ́n bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní pápá, má jà. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wá sọ fún mi, èmi ni n ó lọ bá ilé-ẹ̀kọ́. Má sì máa ka oore Nàìjíríà sí wọn létí. Òótọ́ ni pé ìjọba Ọbásanjọ́ dá owó ìrànwọ́ fún gúúsù Áfíríkà sílẹ̀ ní 1976, tí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ dá sí i, bàbá wa náà sì dá sí i. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń bú ọ kò jẹ ọ́ ní gbèsè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwọ lo yá a.

Bí o bá dé, n ó mú ọ lọ sí Orlando West láti wo ilé ìrántí Hector Pieterson. Ní ọjọ́ 16 Oṣù Kẹfà 1976, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Soweto jáde nítorí ìjọba ní dandan ni kí wọ́n máa fi Afrikaans kọ́ wọn ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ kan. Ìṣirò náà tún ni, ṣé o rí i? Ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn. Hector wà lára àwọn tí wọ́n pa, ọmọ ọdún méjìlá ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé òkú rẹ̀ nínú àwòrán tí Sam Nzima yà, Mbuyisa Makhubo ni. Ó ní láti sá kúrò nílùú, ó sì dé Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ ti dé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ní 1978, ìyá náà kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ìdí nìyẹn tí n kò ní gba àwáwí bí Sọ́ńdè bá kọjá láìjẹ́ pé o pe màmá rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ pàṣán. Kò sí níbí. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ti 1996 fòpin sí i, olùkọ́ tó bá fọwọ́ kan ọmọ ti rúfin. Inú rẹ á dùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ ilé wa tó rò pé nítorí kò sí pàṣán, kò sí òfin. Ìwé ni wọ́n fi ń nani níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọ àkọsílẹ̀, ó ń jọ, ọjọ́ tí o bá fẹ́ kí olùkọ́ kọ̀wé ìjẹ́rìí fún ọ ni yóò jáde.

Sọ fún bàbá rẹ kó má fi ìwé ìbí rẹ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti èsì ilé-ẹ̀kọ́ ọdún méjì sẹ́yìn sínú àpótí tí ẹ óò kó sí abẹ́ bàálù; kó wà nínú báàgì tí o gbé lọ́wọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2019, ilé-ẹjọ́ gíga ní Makhanda dájọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ lé ọmọ nítorí pé kò ní ìwé, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bá akọ̀wé kankan jiyàn lẹ́nu géètì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, èmi ni n ó rà á. Kí màmá rẹ má di èlùbọ́ o, a ń rí i rà níbí. Ata gbígbẹ ló lè dì, kó sì dì í dáadáa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Màmá Ṣẹ́gun.