Ìṣeégbáralé àti Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì nínú Ọkọ̀ Ibùgbé: Àyẹ̀wò Ìperí

1.0 Ìfáárà

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, ti jáde ní 1984 ni ọ̀nà ti là díẹ̀ fún àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí olùkọ́ lítíréṣọ̀ bá lo ìperí tí kò ṣe rẹ́gí, àríyànjiyàn ni yóò dá sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò bàjẹ́, owó olówó yóò sì ṣòfò.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a nílò láti fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀nà kan pàtàkì: ìsinmi lè bà á jẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti lè bà á jẹ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò wa ni pé ìperí tí kò bá jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí hàn yóò ṣi ònkàwé lọ́nà.

2.0 Ọkọ̀ Ibùgbé àti Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Ọkọ̀ tí à ń sọ yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Jámánì, Faransé àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi í rin ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. A kò lè pè é ní ‘ilé alágbèéká’, nítorí pé orúkọ náà bá ilé onítáyà tí ọkọ̀ mìíràn ń fà mu, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. ‘Ilé-ọkọ̀’ náà kò dára, nítorí pé ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ni ònkàwé yóò rò. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ‘ọkọ̀ akérò’ àti ‘ọkọ̀ akẹ́rù’, tí ‘ọkọ̀’ jẹ́ orí fún àpólà náà, ‘ọkọ̀ ibùgbé’ ni a fara mọ́.

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní Paris ní 1858, ni ó hùmọ̀ irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ó gba ìwé àṣẹ lórí ìhùmọ̀ náà ní 1893, èyí tí ó yege sì ṣiṣẹ́ ní Augsburg ní 1897. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ń lo plọ́ọ̀gì láti fi tan iná. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò lò ó. Afẹ́fẹ́ ni pístìnì máa ń fún pọ̀ nínú sílíńdà títí tí yóò fi gbóná gan-an. Bí nọ́sù bá wá tú epo sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ní wínníwínní, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ihò ẹnu nọ́sù kéré púpọ̀, agbára tí ó sì ń ti epo gba ibẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo fi jẹ́ ọ̀tá fún un. ‘Nọ́sù’ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é. A kò rí ìdí tí a ó fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

3.0 Àlògbó àti Ìṣeégbáralé

Bí ènìyàn bá ra nǹkan tuntun, a máa ń gbàdúrà fún un pé yóò lò ó gbó. ‘Àlògbó’ dára fún ànímọ́ ẹ̀rọ tí kì í tètè gbó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí olówó ọkọ̀ ibùgbé máa ń béèrè: bí a bá tan ọkọ̀ yìí láàárọ̀ yìí, ǹjẹ́ yóò gbé wa dé ibi tí à ń lọ? Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘gbára lé’ ni a ti lè rí ìperí fún èyí. ‘Ìgbáralé’ jẹ́ ìṣe ẹni tí ó gbára lé nǹkan. ‘Ìṣeégbáralé’ jẹ́ ànímọ́ nǹkan tí ó yẹ kí a gbára lé. Bí a bá kọ ọ́ pé ‘ìgbáralé ẹ́ńjìnnì yìí pọ̀’, ó lè túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbára lé e, bí kò tilẹ̀ yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìyàtọ̀ àlògbó àti ìṣeégbáralé hàn. Ẹ́ńjìnnì Cummins onísílíńdà mẹ́fà, tí ó jẹ́ lítà 5.9, wọ inú ọkọ̀ Dodge ní Amẹ́ríkà fún ọdún 1989, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ibùgbé níbẹ̀. Irin rẹ̀ nípọn, jíà ni ó sì ń lò níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo bẹ́líìtì. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn lórí àlògbó rẹ̀. Nígbà tí ó di 1998, a ṣe àtúntò rẹ̀, a sì fi pọ́ǹpù Bosch tí à ń pè ní VP44 sí i láti máa pín epo fún àwọn nọ́sù. Epo tí ó ń gba inú pọ́ǹpù yìí kọjá ni ó ń mú un tutù, òun náà ni ó sì ń jẹ́ kí ó yọ̀. Pọ́ǹpù kékeré kan ni ó ń fa epo yìí wá láti inú táǹkì. Bí pọ́ǹpù kékeré náà bá rẹ̀, epo kò ní í tó VP44 mọ́, VP44 yóò sì jóná. Odindi ẹ́ńjìnnì ṣì le koko, síbẹ̀ ọkọ̀ ti dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì alálògbó ni èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ́ǹpù kékeré ni ìṣeégbáralé rẹ̀ wà. Ìwé tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ànímọ́ méjèèjì yóò jẹ́ kí olówó ọkọ̀ rò pé bí irin bá ti nípọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

4.0 Ìsinmi tí ó ń ba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Ọkọ̀ akẹ́rù a máa rìn lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ibùgbé lè dúró sójú kan ní gbogbo ìgbà òtútù. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè ṣọ́ra fún níhìn-ín.

(a) Epo. Bí táǹkì kò bá kún, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè epo yóò máa sẹ ìrì sí ara táǹkì bí ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín máa ń gbé ní ààlà omi àti epo, wọn a sì máa jẹ epo náà. Nǹkan yíyọ̀ tí wọ́n bá di ni yóò dí asẹ́ epo. Bí a bá pe èyí ní ‘ìdọ̀tí’, a ti ṣì í pè. Ìta ni ìdọ̀tí ti ń wọlé, bí a bá sì ti sẹ́ ẹ, ó tán. Èyí ń dàgbà nínú epo fúnra rẹ̀. A ń sọ pé búrẹ́dì bu, ẹ̀lùbọ́ sì bu. ‘Epo bíbu’ ni a dábàá. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé ọ̀rinrin ni ó fà á, àti pé kí a rọ epo kún táǹkì kí a tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí a sì máa ṣí omi jáde nínú asẹ́-omi, ni ó lè dènà rẹ̀.

(b) Ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí a ti lò ní omi àti ásíìdì tí iná inú sílíńdà fà wọ inú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù, yóò máa jẹ irin dídán inú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ sinmi, kì í ṣe ìgbà tí ó bá dé láti ibi ìsinmi.

(d) Títan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóṣooṣù lórí ìdúró, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Ọ́ìlì kì í gbóná tó láàárín àkókò yẹn láti lé omi jáde, ṣe ni omi ń pọ̀ sí i. Ohun tí ó yẹ ni kí a wa ọkọ̀ náà títí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ ‘ẹ máa tan án’ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ‘ẹ máa wà á’, ìpalára ni ó kọ́ ènìyàn. A dábàá ‘ìnasẹ̀ ẹ́ńjìnnì’ fún irú ìwakọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá nasẹ̀ ti kúrò lójú kan.

5.0 Oje Amútutù Kì í Ṣe Omi

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa, ‘omi’ ni ohun tí ó wà nínú rédíétọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí léwu. Ford lo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì International, lítà 6.9 láti 1983 àti lítà 7.3 láti 1988, nínú àwọn ọkọ̀ kan tí a kọ́ ilé lé lórí ní Amẹ́ríkà. Bí iná bá ti ń bú nínú sílíńdà, ògiri rẹ̀ a máa gbọ̀n, ìhó kéékèèké a sì máa yọ lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí oje wà. Bí ìhó wọ̀nyí bá ti ń fọ́, wọn a máa gbẹ́ irin díẹ̀díẹ̀ títí tí ihò yóò fi lu ògiri sílíńdà já. Èròjà kan wà tí a ń pò mọ́ oje náà tí ó máa ń bo irin. Bí ó bá tán, tí a kò fi kún un, kò sí ààbò mọ́. Omi ẹ̀rọ lásán kò ní èròjà yìí.

‘Omi amútutù’ kò tó, nítorí pé awakọ̀ yóò gé e kúrú sí ‘omi’ láìpẹ́. ‘Oje amútutù’ ni a fara mọ́: oje igi ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú igi, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé omi kànga lè rọ́pò rẹ̀. Ìgbẹ́rin yìí kì í ṣe ìpẹtà, nítorí náà ‘ìhójẹrin’ ni a dábàá fún un.

6.0 Ìtọ́jú, Àtúnṣe àti ‘Tàbí’

‘Ìtọ́jú’ ní ìtumọ̀ méjì. A ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ le; a sì ń sọ pé aláìsàn ń gba ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ kejì ka ìwé ẹ̀rọ yóò dúró di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣàìsàn. Nínú ọkọ̀ ibùgbé ńlá tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, rédíétọ̀ náà sábà máa ń wà lẹ́yìn. Èéfín ọ́ìlì láti inú ẹ́ńjìnnì a máa lẹ̀ mọ́ ọn, eruku ọ̀nà a sì lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì náà. Ojú inú, tí a kò lè rí láti ìta, ni ó máa ń dí. Ọkọ̀ á máa lọ dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìgbà tí ó bá ń gun òkè ni yóò gbóná jù. Ẹni tí ó bá ń dúró de àìsàn ti pẹ́ jù. ‘Ìtọ́jú-ìdènà’ ni kí a máa kọ fún ti ṣáájú, kí a sì fi ‘àtúnṣe’ sílẹ̀ fún ti ẹ̀yìn.

Ọ̀nà méjì ni ìwé ẹ̀rọ ń gbà ka àkókò ìtọ́jú-ìdènà: ìrìn àti ọjọ́. Bí àpẹẹrẹ, rọ́bà bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì lè gbó nítorí kìlómítà tí ó ti rìn, ó sì lè gbó nítorí ọdún tí ó ti lò, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn. Bí a bá kọ ‘kìlómítà báyìí tàbí ọdún báyìí’, ‘tàbí’ yìí fún ònkàwé ní àṣàyàn, yóò sì mú èyí tí ó jìnnà. Bí a bá sì kọ ‘àti’, yóò dúró kí méjèèjì pé. Ohun tí ó tọ́ ni ‘èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé’. Nínú ọkọ̀ ibùgbé, ọjọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pé.

7.0 Àkójọ Ìperí

ọkọ̀ ibùgbé: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí a ń gbé inú rẹ̀
àlògbó: ànímọ́ ohun tí kì í tètè gbó
ìṣeégbáralé: ànímọ́ ohun tí kì í já ni kulẹ̀
epo bíbu: epo tí ohun ẹlẹ́mìí ti ń dàgbà nínú rẹ̀
asẹ́-omi: asẹ́ tí ó ń ya omi kúrò lára epo
ìnasẹ̀ ẹ́ńjìnnì: wíwa ọkọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa
oje amútutù: oje inú rédíétọ̀
ìhójẹrin: gbígbẹ́ tí ìhó ń gbẹ́ ògiri sílíńdà
ìtọ́jú-ìdènà: ìtọ́jú ẹ̀rọ tí kò tíì bàjẹ́

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe àti ohun tí ó ń pa á ni ó yẹ kí ó darí ìṣẹ̀dá ìperí, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ ibùgbé lè má wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí a gbé sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ ní irú ìsinmi kan náà àti irú ewu kan náà. Àwọn ìperí wọ̀nyí yóò wúlò fún olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń kọ́ni ní Yorùbá. Kí ó gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kí ó tó kọ wọ́n sójú pátákó; èyí tí wọn kò bá lè lò lẹ́nu iṣẹ́, kí a tún un ṣẹ̀dá.