Orúkọ Ìlú York àti Ìmàdò tí Kò Sí Níbẹ̀

Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ nípa ìtàn ọ̀rọ̀, olùkọ́ wa pín orúkọ ìlú fún wa pé kí kálukú lọ wá orírun tirẹ̀ wá. York ló kàn mí, ìlú àtijọ́ kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn, torí n kò lò ju wákàtí kan lọ ní ilé-ìkàwé tí mo fi rí i pé Eoforwīc ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè: eofor, ìmàdò, wīc, ibùgbé tàbí ibùdó ìṣòwò. Ó parí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde, mo ní "ibùdó ìmàdò" ni ìtumọ̀ York. Mo tilẹ̀ fi tèmi kún un pé ó ní láti jẹ́ pé igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, tí àwọn ọdẹ ti ń pa ẹran.

Olùkọ́ wa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀, kí ni wọ́n ń pe ìlú náà?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Ohun tí mo rí nígbà tí mo padà lọ wá ìdáhùn ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí pé ó kan ojú-ìwé mẹ́ta tí mo ti kọ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi nípa orúkọ ìlú tí wọ́n ti bí mi.

Àwọn ọmọ ogun Róòmù ló kọ́ ibùdó ogun síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 71 lẹ́yìn ìbí Kristi, níbi tí odò Foss ti pàdé odò Ouse. Eboracum ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn a kọ ọ́ ní Eburacum. Ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ orúkọ náà tó pẹ́ jù lọ wà lára pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n hú jáde ní Vindolanda, nítòsí ògiri Hadrian, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lọ sí nǹkan bí ọdún 100. Ibùdó yìí kì í ṣe abà ọdẹ rárá. Septimius Severus, ọba Róòmù tí wọ́n bí ní Leptis Magna, ní ilẹ̀ Líbíyà òde òní, ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún 211. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun ti kígbe pé Constantine lọba ní ọdún 306. Ní gbogbo àkókò yìí, kò tíì sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó tẹ̀dó síbẹ̀ tí yóò fi èdè rẹ̀ pe ìmàdò.

Ṣùgbọ́n Eboracum fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Látìnì. Ẹ̀wù Látìnì ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. -Um tó wà ní ìparí ni ẹ̀wù náà. Ẹnu àwọn Briton, tí wọ́n ni ilẹ̀, ni àwọn Róòmù ti gbọ́ ọ, èdè Celtic sì ni àwọn yẹn ń sọ. Bí àwọn onímọ̀ ṣe tún un kọ́ nìyí: *Eburākon. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ẹ̀ka wa, àmì ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò rí ọ̀rọ̀ náà kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni a fi dé ibẹ̀.) Eburos ni igi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń pè ní yew, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ dànù nígbà òtútù, tí wọ́n máa ń fi gbẹ́ ọrun ogun. Àfòmọ́ ìparí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà tàbí ohun tí ó jẹ́ ti ẹnìkan. Nítorí náà, "ibi igi yew". Àwọn kan sọ pé Eburos lè jẹ́ orúkọ ènìyàn, kí ìtumọ̀ náà jẹ́ "ilẹ̀ Eburos". Ti igi ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́, ibẹ̀ ni èmi náà dúró sí, torí èdè Irish àtijọ́, tí ó jẹ́ ẹbí èdè àwọn Briton, ní ibar, igi yew kan náà ni. Bó jẹ́ igi, bó jẹ́ ènìyàn, kò sí ìmàdò níbẹ̀.

Báwo wá ni ìmàdò ṣe wọlé? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù.

Agbára Róòmù kúrò ní Britain ní nǹkan bí ọdún 410. Lẹ́yìn náà ni àwọn Anglo-Saxon, àwọn tí a ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí, la òkun kọjá wá, tí wọ́n sì tẹ̀dó. Ní àkókò yẹn, b tó wà láàárín fáwẹ́lì ti ń rọ̀ di v lẹ́nu àwọn Briton, tí orúkọ ìlú náà fi ń dún bí Evor- níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà tàn yín: nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, f tó bá wà láàárín fáwẹ́lì méjì, v ni wọ́n ń pè é. Eofor tí mo rí nínú ìwé atúmọ̀-èdè, "evor" ló ń jẹ́ létí. Àjèjì gbọ́ orúkọ tí kò yé e, ó rí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kan tó jọ ọ́, ó fi rọ́pò. Ìrù orúkọ náà, tí kò ní ìtumọ̀ létí wọn, di wīc, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi sí orúkọ ìlú ìṣòwò etí odò: Lundenwic, Hamwic, àti Gipeswic tí ó di Ipswich lónìí. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á pé wīc yìí gan-an, inú vicus àwọn Látìnì ni wọ́n ti yá a.

Kò dà bí ìgbà tí a yá bread tí a sọ ọ́ di búrẹ́dì. Fáwẹ́lì la kàn fi há kọ́ńsónáńtì láàárín kó lè rọ̀ wá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tí "bú" ń ṣe níbẹ̀. Eoforwīc ré kọjá ìyẹn. Apá kìíní ní ìtumọ̀, apá kejì ní ìtumọ̀, odidi rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, síbẹ̀ kò sí èyí tó jẹ́ orírun orúkọ náà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Mo rò pé tí mọ́fíìmù bá ti yà sí méjì geere, tí ìkínní-kejì sì ní ìtumọ̀, iṣẹ́ ti parí.

Àwọn Viking gba ìlú náà ní ọdún 866, àwọn náà sì fi ẹnu tiwọn sí i: Jórvík. Ìlànà tó ṣiṣẹ́ níbí kò ṣàjèjì sí wa. Kọ́ńsónáńtì àárín fáwẹ́lì jẹ, fáwẹ́lì méjì sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ kúrú. Bí egúngún ṣe di eégún, tí òtítọ́ di òótọ́ lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni eofor pàdánù v inú rẹ̀ tó di jór. Vík ní tiwọn kì í ṣe ibùdó ìṣòwò mọ́. Ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ ni. Ìlú náà sì jìnnà sí òkun. Nínú ewì àwọn Viking, jór tún jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹṣin. Ká ní ọmọ Viking ni mí, tí mo sì dìde ní kíláàsì pẹ̀lú ìwé atúmọ̀-èdè lọ́wọ́, "ìyawọ̀ òkun ẹlẹ́ṣin" ni ǹ bá pè é, ǹ bá sì wá ìtàn ẹṣin tó bá a mu.

Àwọn Viking yìí kan náà ni wọ́n fi ohun mìíràn sílẹ̀ tó lè mú aláìfura lẹ́sẹ̀. Gate tó wà nínú orúkọ òpópónà York, bíi Stonegate àti Micklegate, kì í ṣe gate ti Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ẹnubodè. Gata, "òpópónà", ni lédè wọn. Ẹnubodè gan-an, bar ni wọ́n ń pè é ní York. Coppergate kò sì ní bàbà nínú. Àwọn agbẹ́gi tó ń gbẹ́ ife ló ni òpópónà náà. Ibẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn wà láàárín 1976 sí 1981, tí wọ́n hú ilé àti ohun èlò àwọn Viking jáde, bí a sì ṣe ní ibi àbẹ̀wò Jorvik níbẹ̀ láti 1984 nìyẹn.

Ìyókù kò gba àkókò. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Jórvík ti kúrú títí ó ti fi di York lẹ́nu àwọn kan; vík jẹ mọ́lẹ̀, k nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹ wo Norwich àti Warwick, níbi tí a ṣì ń kọ w tí ẹnìkan kì í pè é.

Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kú. Kódà nígbà tí àwọn Viking ń jọba níbẹ̀, EBRAICE ni wọ́n tẹ̀ sára owó wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà York ṣì ń buwọ́ lùwé lónìí pẹ̀lú Ebor, bẹ́ẹ̀ ni eré ìje ẹṣin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1843 ń jẹ́ Ebor. Àwọn ará Wales, tí èdè wọn jẹ́ ọmọ èdè àwọn Briton, kò gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì tàbí Viking kọjá rárá: Efrog ni wọ́n ń pè é títí dòní, f yẹn sì ń dún bíi v. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú kan lọ́wọ́ àwọn Dutch ní Amẹ́ríkà ní 1664, tí wọ́n sọ ọ́ ní New York nítorí James, Duke of York (òun kan náà tó di olórí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrú láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà), àwọn ará Wales pè é ní Efrog Newydd. Igi yew ti dé Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹnìkan wà tó ṣe ohun tó ju tèmi lọ. Geoffrey of Monmouth, ní nǹkan bí 1136, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọba kan tó ń jẹ́ Ebraucus ló tẹ ìlú náà dó. Inú orúkọ ìlú ló ti yọ ọba náà jáde. Nígbà tí mo ka èyí ni mo dìde lọ mú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, nítorí pé ohun tó wà nínú ojú-ìwé mẹ́ta mi náà nìyẹn: mo gé orúkọ ìlú wa bí a ṣe ń pè é lónìí sí mẹ́ta, ọdẹ kan sì jáde nínú rẹ̀, òun àti igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ló sọ ìtàn ọdẹ yẹn fún mi. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o ń sọ pé irọ́ ni bàbá mi pa fún mi ni?" Mo ní rárá o, Bàbá, ohun tí etí wọn gbọ́ nínú orúkọ náà ni wọ́n sọ. Kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo yọ ojú-ìwé mẹ́ta náà, mo wá lọ sí abúlé tó wà ní òdì-kejì odò wa, tí ẹ̀ka-èdè wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, mo ní kí àwọn àgbà ibẹ̀ pe orúkọ ìlú wa fún mi. Wọ́n pè é pẹ̀lú kọ́ńsónáńtì kan láàárín tí kò sí lẹ́nu tiwa mọ́. Tí ìró yẹn bá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ọdẹ níbẹ̀.