Wáyà Iná Ẹ̀yìn Tírélà Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà, bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín lójú ọ̀nà tí iná ẹ̀yìn kò tàn, ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè kọlù yín.

Bí iná kan ṣoṣo bá kú, ẹ wo gílóòbù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń tàn bàìbàì, tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì tí tàfíkétọ̀ sì ń tàn, ẹ fura sí wáyà áàtì, èyí tí ń dá agbára iná padà sí bátìrì. Funfun ni àwọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi wáyà gígùn kan so irin tírélà tí kò ní ọ̀dà mọ́ irin píkọ́ọ̀pù. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere, ẹ ti rí àrùn náà. Ẹ tú bólùtì áàtì, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán, kí ẹ sì dì í le.

Bí fíúsì bá ń jó lemọ́lemọ́, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán dípò fíúsì; ọkọ̀ àti ẹrù lè jóná.

Ẹ fi rọ́bà bo wáyà níbi tí ó bá gba ojú irin kọjá, kí ẹ sì dè é mọ́ abẹ́ tírélà kí kùkùté má baà fà á já. Ajílẹ̀ òyìnbó tí ó bá dà sílẹ̀ a máa jẹ bàbà inú wáyà. Ẹ fi omi ṣan án, kí ó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ pa inú púlọ́ọ̀gì.