Èèkù Ọ̀bẹ Tó Ti Rí Págunpàgun

Ìbéèrè: Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹran l'Óṣòdì ṣì mú, àmọ́ èèkù igi rẹ̀ ti rí págunpàgun, ó ń gún mi lọ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? (Alápatà kan, Ìsọlọ̀)

Ìdáhùn: Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà tó nípọn di ojú ọ̀bẹ, kí ẹ fi okùn so ó. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha èèkù náà, kí ẹ máa tẹ̀lé ìlà igi. Ẹ má dábùú rẹ̀. Ó kan 220. Ẹ wá fi aṣọ tútù nù ún: irun igi á dìde bí irùngbọ̀n ọjọ́ méjì. Tó bá gbẹ, ẹ fi 400 fá a kúrò. Ewé ìpín gbígbẹ náà ṣeé lò níbí. Òun ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère kí sáńpépà tó dé.

Epo pupa ńkọ́? Rárá o, kì í gbẹ, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Òróró linseed tí kò ní kẹ́míkà ni kí ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ nu àṣẹ́kù kúrò. Ó lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbẹ. Àkísà òróró yẹn, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ síta. Tí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.