Láíbìrì Orin: Ọ̀rọ̀ Kan, Ohun Méjì nínú Ìtumọ̀ Ìlànà Àtúnṣe Ètò Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìṣòro kan tí ó máa ń kojú àwọn tí ó ń túmọ̀ ìlànà ìlò ètò kọ̀ǹpútà sí èdè Yorùbá. Ètò tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni iTunes, tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001 fún títo orin àti gbígbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, bí ènìyàn bá fi ìtẹ̀jáde tuntun ètò náà rọ́pò ti àtijọ́, ó lè ṣí i kí ó má rí orin kankan mọ́. Ìwé ìlànà yóò sì sọ fún un pé kí ó tún "láíbìrì" rẹ̀ ṣe. Bí olùtumọ̀ bá pe èyí ní "ilé-ìkàwé", tàbí tí ó fi "láíbìrì" sílẹ̀ láìṣàlàyé, òǹkàwé kò ní mọ ohun tí yóò fọwọ́ kàn. Àbùkù yìí kò mọ sí ti ẹwà èdè nìkan: ó lè mú kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orin tí ó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́.

2. Ohun méjì tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún

Ohun kìíní ni àwọn fáìlì orin gan-an, tí wọ́n sábà máa ń wà nínú fódà tí ó ń jẹ́ iTunes Media. Ohun kejì ni fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iTunes Library.itl. Kò sí orin nínú fáìlì yìí rárá. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni orúkọ orin, orúkọ olórin, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin náà, àti ibi tí fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí èyí bá bàjẹ́, ojú ètò yóò ṣófo, ṣùgbọ́n orin kò tíì sọnù.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Ohun kìíní ni a lè pè ní "àká orin". Àká ni ibi tí àgbẹ̀ ń kó ìkórè rẹ̀ pamọ́ sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni a fẹ̀ lójú. Ohun kejì ni "ìwé-atọ́ka orin". Mófíìmù "a-" tí ó wà nínú "apẹja" àti "adájọ́" ni ó ṣẹ̀dá "atọ́ka" láti ara "tọ́ka", nítorí pé iṣẹ́ fáìlì náà ni láti tọ́ka sí ibi tí orin wà. Fífẹ ìtumọ̀ lójú àti síso ọ̀rọ̀ pọ̀ wà lára ọgbọ́n tí wọ́n lò nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984.

3. Ìlò wọn nínú ìlànà àtúnṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wé ara wọn:

(1) Ẹ mú láíbìrì kúrò, kí ẹ sì tún ètò ṣí.
(2) Ẹ gbé ìwé-atọ́ka orin kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan àká orin. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ètò ṣí.

Ẹni tí ó ka (1) lè pa fódà orin rẹ́. Ẹni tí ó ka (2) kò lè ṣi ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìṣòro mẹ́ta:

(a) Ẹni tí ìtẹ̀jáde tuntun kò tẹ́ lọ́rùn lè padà sí ti àtijọ́. Ètò yóò wá kéde pé òun kò lè ka ìwé-atọ́ka, nítorí pé ìtẹ̀jáde tí ó tuntun ju òun lọ ni ó kọ ọ́. Nígbà tí ìyípadà bá ń wáyé, iTunes máa ń fi ẹ̀dà ìwé-atọ́ka àtijọ́ pamọ́ sínú fódà Previous iTunes Libraries, pẹ̀lú ọjọ́ lára orúkọ rẹ̀. Kí onítọ̀hún pa ètò dé, kí ó gbé ìwé-atọ́ka tuntun sí ibòmíràn, kí ó mú ẹ̀dà tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù lọ, kí ó sì sọ ọ́ ní iTunes Library.itl. Orin tí ó fi kún un lẹ́yìn ọjọ́ náà nìkan ni yóò tún tò sí i.

(b) Bí àmì ìyanu bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin, ìwé-atọ́ka kò bàjẹ́. Fáìlì ni kò sí ní ibi tí ó tọ́ka sí. Ibi tí fáìlì wà nísinsìnyí ni kí a fi hàn án.

(d) Bí ènìyàn bá fẹ́ mú orin kúrò, ètò lè bèèrè bóyá kí fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kí ó lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí "yọ kúrò" jẹ́ ti ìwé-atọ́ka, kí "pa rẹ́" sì jẹ́ ti àká.

4. Nígbà tí àká fúnra rẹ̀ bá jóná

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àtúnṣe rọrùn tó báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, Apple gbé iTunes 2.0 jáde fún Mac OS X. Ètò tí ó ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi àmì àyọlò yí orúkọ ibi tí ó wà ká. Níbi tí orúkọ díìsìkì bá ní àlàfo, kọ̀ǹpútà ka orúkọ kan sí méjì, ó sì pa ohun tí wọn kò ní kí ó pa rẹ́. Àwọn kan pàdánù gbogbo ohun tí ó wà lórí díìsìkì wọn. Apple yára kó o nílẹ̀, wọ́n sì fi 2.0.1 rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ìwé-atọ́ka tí ó lè wo irú èyí sàn. Bí ìwé tí àgbẹ̀ kọ iye àgbàdo rẹ̀ sí bá jóná, àgbàdo ṣì wà nínú àká. Bí àká bá jóná, ìwé kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà àká orin tí ó wà lórí díìsìkì mìíràn nìkan ni ó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹnìkan lè sọ pé "láíbìrì" ni òǹlò ń rí lójú kọ̀ǹpútà, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí ó wà lójú ètò. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà àtúnṣe, dandan ni kí olùtumọ̀ sọ èyí tí ó ń tọ́ka sí nínú méjèèjì. Ní 2019, ètò tí ń jẹ́ Music gba ipò iTunes lórí kọ̀ǹpútà Mac. Ìwé-atọ́ka àti àká sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ètò lè yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun àti ìwé tí ó ń tọ́ka sí i kò yí padà.