Bí Àkùkọ Bá Fara Gbọgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ajá bá fa àkùkọ yín ya, ẹ má sáré mú ọ̀bẹ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú páálí; bí àwọn adìyẹ yòókù bá rí ẹ̀jẹ̀, wọn yóò máa sọ ọ́ lójú egbò. Ẹ se ìdajì lítà omi, ẹ bu ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan sí i. Bó bá tutù, ẹ fi ṣan egbò náà. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu: ihò èémí rẹ̀ wà lẹ́yìn ahọ́n gan-an.

Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Òun ló mọ egbò tó yẹ ní rírán àti ìwọ̀n oògùn. Ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oògùn náà kí ẹ tó lè pa àkùkọ náà jẹ. Bó bá sì ní kò lè yè, ẹ má jẹ́ kó máa joró.